Wọ́n Ní Kí N Má Fọwọ́ Kan Kóòdù Wọn

Ímeèlì méje ni mo kọ. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tẹ gbogbo wọn sórí bébà, mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Bí mo bá ń wá nǹkan mìíràn tí ọwọ́ mi bà wọ́n, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ní kí n dáná sun wọ́n, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo ní rárá, ọkàn mi ò gbọ́dọ̀ balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ní ilé ìwòsàn mẹ́rin, mẹ́ta láàárín ìlú Bìní, ọ̀kan lójú ọ̀nà Ekiadolor. A kì í ra ètò tí a ń lò, àwa fúnra wa là ń kọ ọ́. Àwọn kan ń bójú tó ètò káàdì, ìyẹn ibi tí orúkọ aláìsàn àti ìtàn àìsàn rẹ̀ wà. Àwọn kan ń bójú tó ti láàbù. Èmi ni mo ń bójú tó ti yàrá oògùn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ni gbogbo wa wà, ilẹ̀kùn wa kọjú síra wọn, a sì jọ ń pariwo mọ́ gẹnẹrétọ̀ kan náà bí wọ́n bá múná lọ. Ṣùgbọ́n kóòdù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, abẹ́ àtíbàbà tirẹ̀ ló ń gbé e pamọ́ sí. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ò lè kà á, áńbọ̀sì kó tún un ṣe.

Ọ̀gá ètò káàdì jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Wọ́n fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ìjọ kan náà là ń lọ. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ mi dé ìlú Bìní, tí a ò mọ ibi tí a máa forí lé, àwọn ni wọ́n bá wa wá ilé tí à ń gbé ní Iyaro. Ìyàwó wọn ló gbé ọmọ mi àkọ́kọ́ dání lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Ẹ ó rí i pé "wọn" náà ni mo ń bá lọ nínú ìwé yìí. Bí inú ṣe ń bí mi tó, ẹnu mi ò gbé e láti pè wọ́n ní "ó". Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ yẹn mọ odi yí ara wọn ká.

Bí mo ṣe mọ àṣìṣe náà nìyí. Nọ́ọ̀sì kan gun òkè wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní oògùn tí ètò mi ń kọ jáde fún ìyá àgbà kan kì í ṣe ti ìyá náà. Mo wo kóòdù mi títí, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun rẹ̀ ni mo rí i pé fáìlì ẹlòmíràn ni ètò káàdì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo jókòó, mo ń tẹ orúkọ lóríṣiríṣi wò, ó sì yé mi. Bí orúkọ bá gùn, ètò náà ń gé ìrù rẹ̀ sọnù. Bí ẹni méjì bá wá ní orúkọ tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọra, tí wọ́n sì bí wọn lọ́dún kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ló máa gbé sójú. Kò ní sọ fún akọ̀wé pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn. Ní ìlú Bìní, níbi tí orúkọ ìdílé kan lè kún ìlà kan tán! Kí a tó wá sọ tiwa. Ẹ gbé orúkọ ẹni mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa wá, kí ẹ gé e mọ́ lẹ́tà mẹ́jọ, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tó ni èwo.

Nọ́ọ̀sì yẹn ti rí àṣìṣe ti ìyá àgbà kó tó fún un lóògùn, a dúpẹ́. Mo sọdá sí yàrá Ẹ̀gbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kí wọn, mo ṣàlàyé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ibi tó ti ń wá orúkọ. Mi ò ní yí ohunkóhun padà. Màá kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá dáa, ẹ dà á nù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́?"

"Yàrá kọ́ rèé, sà. Ilé ìwòsàn ni. Gbogbo wa la jọ ni ín."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ nǹkan yìí. Mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa, a ó tò ó sẹ́yìn àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀."

Bí mo ṣe kọ àkọ́kọ́ nínú ímeèlì méje nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí jù ni pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kọ ètò tí wọ́n sì ń gbé kóòdù rẹ̀ síta gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè kọ àtúnṣe ránṣẹ́, olùtọ́jú ètò náà á yẹ̀ ẹ́ wò, á gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́, á sì sọ ìdí rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú, mo rí àṣìṣe nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kan tí mo ń fi ka ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ìbẹ̀rù, mo fi ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ní ilẹ̀ tí mi ò dé rí, dá mi lóhùn. Ó dúpẹ́, ó ní kí n yí ìlà kan padà, mo yí i, ó sì gbà á wọlé. Mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Iyaro, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n yìn ní kíláàsì. Ẹni tí mi ò rí rí fi ọ̀wọ̀ gba iṣẹ́ mi. Ẹni tí a jọ ń gba ara Olúwa lórí tábìlì kan náà ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Nínú ímeèlì kẹta, mi ò sọ ti àṣìṣe nìkan mọ́. Mo kọ ọ́ sí Ẹ̀gbọ́n àti sí olùdarí ẹ̀ka wa pé kí a máa ṣe bí àwọn ará ìta yẹn ṣe ń ṣe. Mo ní mi ò sọ pé ká gbé kóòdù wa fún aráyé. Láàárín ara wa nínú ilé ni. Kí ará láàbù lè ka tèmi, kí èmi náà lè ka ti oníkáàdì, kí ẹni tó ni ín ṣì jẹ́ ẹni tó máa gbà á wọlé tàbí kó kọ̀ ọ́. Mo tilẹ̀ fi òwe kún un pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Olùdarí dáhùn pé òun á gbé e yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n dá mi dúró ní àtẹ̀gùn.

"Akèrègbè tèmi ò nílò ọwọ́ ẹlòmíràn," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbá mi léjìká bí ẹni ń ṣeré.

Ímeèlì keje, wọn ò dáhùn rárá. Èmi náà sì dákẹ́. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé ó yẹ kí n kọ ọ́: mo dákẹ́. Ó rẹ̀ mí, mo ní iṣẹ́ tèmi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní aláìgbọràn nínú ìjọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Santana wá sí ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn wa. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló gún un níka, ìka náà sì wú. Obìnrin Ẹdó ni, orúkọ rẹ̀ gùn. Akọ̀wé káàdì tẹ orúkọ náà, fáìlì kan jáde, ọdún ìbí bára mu, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà. Nọ́ọ̀sì bi obìnrin náà bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ó ní ó wà, ó ní òun ò mọ orúkọ òyìnbó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì òun níbí nígbà tí òun bímọ. Nọ́ọ̀sì wo fáìlì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì rò pé obìnrin náà ṣi rántí ni. Fáìlì ẹlòmíràn ni.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oògùn náà gan-an. Kó tó dìde lórí àga, ọ̀fun rẹ̀ ti ń wú, èémí rẹ̀ ń há. Dókítà mẹ́ta ló sáré yí i ká. Ọlọ́run bá a ṣe é, kò kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìka tó wú.

Ìgbà tí mo gbọ́, mi ò tíì rí fáìlì kankan kí n tó mọ ohun tó fà á. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà pe gbogbo wa jọ sí yàrá ìpàdé. Dókítà ni wọ́n, obìnrin ọmọ ìlú Bìní, wọn kì í pariwo. Akọ̀wé káàdì náà dúró lẹ́bàá ògiri, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú níwájú bí ẹni wà ní kóòtù. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó. Ọ̀gá àgbà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì dìde.

"Àṣìṣe akọ̀wé ni, mà," ni wọ́n wí lédè òyìnbó, ohùn wọn tutù. "Ó yẹ kó béèrè àdírẹ́sì. Ètò wa ò ní àbùkù. A ti dábàá pé kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Mo wo ọmọbìnrin akọ̀wé yẹn. Omi ń jábọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ẹ̀bi ètò tó fi orúkọ kan ṣoṣo hàn án, tí kò sọ fún un pé méjì ló wà, òun ni wọ́n fẹ́ kó rù ú lórí. Mo dìde kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde.

"Irọ́ ni, mà."

Mo yọ ímeèlì méje tí mo ti tẹ̀ sórí bébà ní àárọ̀ yẹn nínú báàgì mi, mo gbé wọn sórí tábìlì níwájú ọ̀gá àgbà, mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ orúkọ aránṣọ náà sórí kọ̀ǹpútà níwájú gbogbo wọn, fáìlì ẹlòmíràn sì jáde bó ṣe jáde fún akọ̀wé. Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀.

"Ẹ ti mọ èyí láti ìgbà wo?" Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń bi.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti tò ó sára iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Bí a ṣe jáde, wọ́n dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yorùbá ni wọ́n sọ, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Ìwọ! Èmi lo dójú tì níwájú àwọn onílẹ̀ ibí. Èmi tí mo wá ilé tí ò ń sùn sí fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

"Ṣé èmi ni mo gún un lábẹ́rẹ́?"

Títí di òní, bí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, màá máa payín keke.

Wọ́n gbé ẹjọ́ mi dé ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà mẹ́rin jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n pe èmi àti ọkọ mi. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ìlera aránṣọ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilẹ̀ onílẹ̀ là ń gbé, pé ọmọ Yorùbá kì í tú àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síta, pé kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín bí mo bá fi ohùn líle bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ, òótọ́ ni. Mi ò ní kó o jẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà pòṣé. Ọmọ mi obìnrin, tó ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, bi mí nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń lọ sílé pé, "Mummy, na you do wrong?" Ọkọ mi ló dá a lóhùn ní Yorùbá pé rárá o, ìyá rẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tán lọ́kàn mi. Nígbà tí aránṣọ náà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ra èso díẹ̀, mo lọ kí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, ẹlòmíràn ló ń bá a wa máṣíìnì. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan pé mo ti mọ̀ ṣáájú, pé mo kọ̀wé, pé mo dákẹ́ nígbà tó yá. Ó gbọ́ mi tán. Kò bú mi. Ó wo èso tó wà lórí tábìlì.

"So una know," ló wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀. Ó yí padà, ó ń sọ fún ẹni tó ń wa máṣíìnì bó ṣe máa ṣe ọrùn aṣọ. Mo dágbére, mo sì lọ.

Láàárín oṣù yẹn ni ọ̀gá àgbà gbé àṣẹ jáde. Gbogbo kóòdù tí a ń kọ nínú ilé iṣẹ́ náà, gbogbo àwa tí à ń kọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ lè kà á. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè kọ àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méjì, bó bá sì kọ̀ ọ́, kó kọ ìdí rẹ̀ síbi tí gbogbo wa lè kà á. Ìlà mọ́kànlá ni àtúnṣe tí mo kọ fún ètò káàdì. Mọ́kànlá péré! Mo fi àárọ̀ ọjọ́ kan kọ ọ́. Nígbà tó wọlé, akọ̀wé tó bá tẹ orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń rí gbogbo àwọn tó jọra, pẹ̀lú fọ́tò àti àdírẹ́sì. Mo jókòó, mo ń wo ìlà mọ́kànlá yẹn, mo sì ń rò ó pé ohun tí obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ kú rèé.

Wọ́n pe akọ̀wé káàdì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò wá. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé òun ti gba fọ́ọ̀mù láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ekiadolor, pé òun ò fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti lè mú ènìyàn dúró lẹ́bàá ògiri. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Nígbà tí ọdún parí, a ṣe àpèjọ òṣìṣẹ́. Olùdarí ẹ̀ka wa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní àwọn fẹ́ bu ọlá fún ẹni tó darí wa sí ọ̀nà tuntun, ọ̀nà ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n pè jáde. Wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ onídígí, wọ́n ya fọ́tò, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n sọ níbẹ̀ pé ìgbàgbọ́ àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kóòdù kì í ṣe ti ẹnì kan. Mo gbé abọ́ ìrẹsì mi kalẹ̀, mo jáde lọ dúró síbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo yípo ibẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kan èmi náà, ẹnì kan láti láàbù fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí mi, inú bí mi. Mo sọ òótọ́. Mo wò ó, mo ní kí ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ oògùn? Ìṣẹ́jú mélòó kan ni mo fi jókòó kí n tó gbọ́ ohùn tí mo fi ń ronú. Ohùn Ẹ̀gbọ́n ni. Mo gba àtúnṣe náà wọlé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sínú ètò mi. Ibi tí mo ti ń ṣírò ìwọ̀n oògùn ọmọdé ni, bí ìwúwo ọmọ kò bá jẹ́ kílò géérégé, bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀. Mo wá àbùkù sí i, kí n má purọ́, tọkàntọkàn ni mo fi wá a. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tọ̀nà. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, ó sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo pe àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé kíákíá pé kí wọ́n fọwọ́ ṣírò gbogbo oògùn títí àtúnṣe náà fi máa wọlé, mo sì gbà á wọlé láàárín wákàtí kan. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn lè kà á, pé, "Ẹ ṣeun, sà. Àṣìṣe mi ni."

Wọn ò dáhùn. Nígbà tí a pàdé ní àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì, mo kí wọn, wọ́n kí mi padà, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.